Páìpù Ìdọ̀tí Ń Jò, Èèyàn Ń Gbénú Ilé: Ṣé Dandan Ni Ká Fọ́ Dẹ́kíǹ?

Tí ẹ bá ti gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí ní Ṣómólú tàbí Bàrígà, ẹ máa mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Àmì ribiti kan, aláwọ̀ tíì, á kọ́kọ́ yọ lára sílìn. Lọ́sẹ̀ kejì á fẹ̀ sí i. Tó bá yá, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó. Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, ìjà á sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè. Wọ́n á pe púlọ́ńbà. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé: "A máa fọ́ ọ ni o." Ó fẹ́ fọ́ táìsì, ó fẹ́ gbẹ́ dẹ́kíǹ, ó fẹ́ yọ gbogbo páìpù kó sì to tuntun. Lánlọ́ọ̀dù á gbọ́ iye owó, á dákẹ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì á wà níbẹ̀ fún ọdún méjì.

Lónìí, mo fẹ́ fi sáyẹ́ǹsì díẹ̀ ṣàlàyé pé fífọ́ kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ rò. Ọ̀pọ̀ páìpù ìdọ̀tí tó ń jò la lè tún ṣe láàárín ọjọ́ kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kó jáde nílé. Àmọ́ a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun mẹ́ta: omi wo ló ń jò, kí ló fà á, àti ojú ibo gan-an ló ti ń jò.

Omi wo ló ń jò?

Oríṣi páìpù méjì ló wà nínú ilé. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń gbé omi wá láti inú táǹkì. Omi kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ nígbà gbogbo, ó sì ń ti ara páìpù láti inú, torí pé táǹkì wà lókè. Gbogbo mítà 10 tí omi bá fi ga ló ń fún wa ní pírẹ́ṣọ̀ tó tó bar 1. Tí omi inú táǹkì yín bá fi mítà 6 ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, pírẹ́ṣọ̀ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ náà á tó bar 0.6. Tí ihò bíńtín bá wà lára irú páìpù bẹ́ẹ̀, omi á máa jáde tọ̀sán-tòru.

Èkejì ni páìpù omi ìdọ̀tí: onínṣì 4 tó ń bọ̀ láti tọ́ílẹ̀ẹ̀tì, onínṣì 2 tó ń bọ̀ láti balùwẹ̀ àti síǹkì. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Omi á kọjá nígbà tí ẹnì kan bá wẹ̀ tàbí tó bá ṣan tọ́ílẹ̀ẹ̀tì, á gba ìsàlẹ̀ páìpù ṣàn lọ, páìpù á sì tún ṣófo. Ohun tó ń fa omi náà lọ ni òòfà ilẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó ń tì í.

Ìyàtọ̀ yìí ló máa jẹ́ kí ẹ dá omi mọ̀:

- Tó bá ń kán tọ̀sán-tòru, kódà nígbà tí kò sẹ́ni nílé, páìpù omi táǹkì ni. Ẹ ti táǹkì pa fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó máa dín kù.
- Tó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá wẹ̀, fọ abọ́ tàbí ṣan tọ́ílẹ̀ẹ̀tì ló ń kán, páìpù ìdọ̀tí ni.
- Tó bá jẹ́ ìgbà òjò nìkan, ẹ gbójú sókè. Òrùlé ló ni ẹjọ́, kì í ṣe páìpù.

Ìyàtọ̀ yìí kan náà ló jẹ́ kí àtúnṣe rọrùn. Nítorí pé kò sí pírẹ́ṣọ̀, ohun tí kò lè dá omi táǹkì dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún lè dá omi ìdọ̀tí dúró fún ọdún púpọ̀. Nítorí pé omi kì í wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, a lè gbẹ ojú páìpù, ká ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ká sì dá a padà fún àwọn ará ilé kó tó di alẹ́.

Àfi tí páìpù bá dí o. Tí ìdọ̀tí bá dí ìsàlẹ̀ páìpù tó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, tí omi sì kún un dé mítà 3, pírẹ́ṣọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di bar 0.3 nìyẹn. Oríkèé tí kò jò láti ọdún mẹ́wàá á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan oríkèé kankan, ẹ rí i dájú pé páìpù kò dí, súkawéè kò sì kún.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àtúnṣe

Àwọn kan á ní, "Ṣebí omi díẹ̀ ni." Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí omi díẹ̀ yẹn ń lọ.

Dẹ́kíǹ jẹ́ símẹ́ńtì àti òkúta tó bo irin rọ́ọ̀dù. Símẹ́ńtì máa ń dáàbò bo irin, torí pé pH rẹ̀ ga tó 12 sí 13. Ní irú àyè bẹ́ẹ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń bo ara irin tí kì í jẹ́ kó dípẹtà. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ní iyọ̀ nínú. Kílóráìdì tó wà nínú iyọ̀ yẹn máa ń bá omi wọnú símẹ́ńtì, á sì ya awọ náà. Irin á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Ìpẹtà máa ń gba àyè tó pọ̀ ju irin tó ti jáde lọ, ó lè tó ìlọ́po 2 sí 6. Níwọ̀n bí kò ti sí àyè nínú dẹ́kíǹ, á ti símẹ́ńtì jábọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí i tí abẹ́ balùwẹ̀ òkè ń já lulẹ̀ ní pẹ́lẹ́bẹ́-pẹ́lẹ́bẹ́, tí irin pupa sì ń yọjú. Mi ò sọ pé gbogbo ilé tó ń jò ló máa wó lọ́la. Ohun tí mò ń sọ ni pé omi yẹn ń jẹ ohun tó gbé ilé dúró, bó ṣe ń pẹ́ tó ni owó àtúnṣe ń ga tó.

Ti àrùn wá ńkọ́? Kò sí páìpù ìdọ̀tí ìjọba tó gba abẹ́ ọ̀pọ̀ jù lọ ilé ní Ṣómólú àti Bàrígà. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní súkawéè tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ló sì ní kànga tàbí bọ́hóòlù nínú ọgbà kan náà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà ni Bàrígà wà, omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn. Páìpù tó bá ń jò sínú ilẹ̀ lẹ́bàá kànga lè máa bu ìgbẹ́ sínú omi tí wọ́n ń fà. Ẹ rántí kọ́lẹ́rà tó jà ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn ni kọ́lẹ́rà ń bá rìn.

Àpẹẹrẹ tó tún le ju ìyẹn lọ ṣẹlẹ̀ ní Hong Kong. Lóṣù kẹta ọdún 2003, àrùn SARS ran èèyàn tó lé ní 300 nínú àwọn ilé gogoro kan tí wọ́n ń pè ní Amoy Gardens. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ ibẹ̀ wò, páìpù ìdọ̀tí wà lára ohun tí wọ́n dá lẹ́bi. Ẹ mọ ibi tí páìpù ti tẹ̀ kọrọdọ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ lábẹ́ síǹkì, tí omi díẹ̀ máa ń dúró sí? Àwọn púlọ́ńbà ń pè é ní trap. Omi yẹn ni ilẹ̀kùn tó ń ti afẹ́fẹ́ súkawéè mọ́ta. Ní Amoy Gardens, omi inú trap tó wà nílẹ̀ balùwẹ̀ ti gbẹ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Afẹ́fẹ́ tó gbé fáírọ́ọ̀sì gba inú páìpù wọlé tọ àwọn tó wà lókè àti nísàlẹ̀ lọ. Tí balùwẹ̀ yín bá ń rùn, tí omi kankan kò sì jò, ẹ kọ́kọ́ da ife omi kan sínú ihò ilẹ̀ tí ẹ kì í lò. Ó lè jẹ́ àtúnṣe tí ẹ nílò kò ju ìyẹn lọ.

Kí ló fà á?

PVC ni ọ̀pọ̀ páìpù wa báyìí. Ohun tí a fi ń so wọ́n pọ̀ la ń pè ní gọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n kì í lẹ nǹkan bí ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń lẹ pósítà mọ́ ògiri. Àwọn kẹ́míkà inú rẹ̀, bíi tetrahydrofuran, ńṣe ni wọ́n ń yọ́ ojú PVC. Ojú páìpù á rọ̀, ojú inú ẹ́líbò náà á rọ̀. Tí a bá ti wọ́n bọ ara wọn, àwọn mọ́líkù gígùn-gígùn tó wà lójú méjèèjì á wọnú ara wọn bí irun tí a dì. Kẹ́míkà náà á fẹ́ lọ, PVC á sì le padà. Nígbà yẹn kò sí páìpù kan àti ẹ́líbò kan mọ́. Wọ́n ti di ẹyọ kan ṣoṣo. Tí ẹ bá ti dé àwọn ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú rí, ẹ ti gbọ́ òórùn tó jọ ọ́: omi tí wọ́n fi ń nu yíǹkì kúrò lára ẹ̀rọ náà ń ṣe iṣẹ́ tó jọ èyí, ó ń tú ohun tó ti gbẹ.

Tí ẹ bá ti lóye ìyẹn, ẹ ti mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ oríkèé fi ń jò. Tí iyanrìn, omi tàbí òróró bá wà lójú páìpù nígbà tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù sí i, àwọn mọ́líkù náà kò ní lè wọnú ara wọn. Tí wọ́n bá ti da omi sí i kó tó gbẹ, bákan náà ni. Ẹ ti tún mọ ìdí tí fífi gọ́ọ̀mù ra ẹ̀yìn oríkèé tó ń jò kì í fi í pẹ́. Gọ́ọ̀mù kì í dí ihò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so ojú méjì tó fún mọ́ra pọ̀, ojú méjèèjì sì gbọ́dọ̀ gbẹ.

Ooru ni ọ̀tá kejì. PVC máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí 80 °C, omi tó ń hó sì jẹ́ 100 °C. Ìdí nìyẹn tí púlọ́ńbà fi lè yan ẹnu páìpù lórí iná kó lè fẹ̀ ẹ́. Ọgbọ́n kan náà ló ń bà á jẹ́ nígbà tí ẹ bá sẹ́ omi iṣu gbígbóná sínú síǹkì lójoojúmọ́. Ibi tí wọ́n fi iná fẹ̀ náà ti tinrín ju ibi tó kù lọ, ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ là. Kọ́síìkì sódà tí àwọn kan ń dà sínú páìpù tó dí náà ń mú ooru ńlá jáde tó bá pàdé omi.

Oòrùn ni ìkẹta. Páìpù PVC tó gùn ní mítà 3, tó wà lára ògiri níta, lè tutù dé 25 °C lálẹ́, kó sì gbóná dé 55 °C lọ́sàn-án. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, á fi nǹkan bíi mìlímítà 6 gùn sí i lọ́sàn-án, á sì súnkì padà lálẹ́. Lójoojúmọ́ ni! Tí wọ́n bá fi símẹ́ńtì dì í pa lókè àti nísàlẹ̀, oríkèé ló máa jìyà rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn fúnra rẹ̀ tún máa ń já àwọn mọ́líkù PVC, páìpù á yí àwọ̀ padà, á sì gan bí èèpo ẹ̀pà.

Ojú ibo gan-an ni?

Ibí yìí ni wọ́n ti ń ná owó dànù jù. Ibi tí omi ti ń kán kì í sábà jẹ́ ibi tó ti ń jò. Omi lè jò ní ẹ̀gbẹ́ tọ́ílẹ̀ẹ̀tì, kó rìn lábẹ́ dẹ́kíǹ bí èèrà, kó wá kán sílẹ̀ ní mítà méjì sí ibẹ̀. Tí ẹ bá fọ́ òkè ibi tó ń kán, ó ṣeé ṣe kí ẹ fọ́ ibi tí kò ṣẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò ni búlúù, ìyẹn búlúù tí àwọn ìyá wa fi ń ṣan aṣọ funfun. Àwọ̀ oúnjẹ náà dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe lò ó nínú ilé kan ní Bàrígà, lọ́nà Ládi-Lák, níbi tí ọ̀rẹ́ mi ń gbé ìsàlẹ̀. Púlọ́ńbà ti ní àfi kí wọ́n fọ́ gbogbo ilẹ̀ tọ́ílẹ̀ẹ̀tì òkè. A bẹ ìyá tó ń gbé òkè pé kí wọ́n gbà wá láyè fún ọwọ́ àárọ̀ kan.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí pé kì í ṣe tọ́ílẹ̀ẹ̀tì mi," ni wọ́n wí.

"A gbọ́, mà. Ẹ jẹ́ ká fi ojú rí i ni."

A po búlúù sínú omi tọ́ílẹ̀ẹ̀tì, a sì ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta. A dúró fún wákàtí kan. Nǹkan kan kò kán. Lẹ́yìn náà, a fi àkísà tí a wé sínú nọ́ọ̀lọ̀ dí ihò ilẹ̀ balùwẹ̀, a da omi sílẹ̀ títí ó fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 2, a tún dúró. Kò kán. Èyí já sí pé táìsì àti símẹ́ńtì àárín rẹ̀ kò lẹ́bi. A wá po búlúù sínú omi náà, a sì fa àkísà yọ. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí omi búlúù fi kán sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀rẹ́ mi. Páìpù onínṣì 2 ti balùwẹ̀ ni! A yọ pátákó sílìn kan ṣoṣo. Ẹ́líbò kan ló wà níbẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ ti là. Ìyá wa òkè kàn rẹ́rìn-ín: "Ṣé ẹ ti rí i báyìí?"

Tí páìpù bá wà nínú ògiri tí ojú kò lè tó o, kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń so mọ́ fóònù. Orí rẹ̀ kò ju ọmọ ìka lọ, ó ní iná, a sì lè tì í wọ inú páìpù onínṣì 2 láti ẹnu ihò. Ó sàn ká fi kámẹ́rà wò ó ju ká fi òòlù wá a lọ.

Àtúnṣe ibi tí ọwọ́ lè tó

*Oríkèé tó là.* Ìṣòro rẹ̀ ni pé apá méjèèjì páìpù ti dúró sí ojú kan, kò sí bí a ṣe lè fà wọ́n sọ́tọ̀ ká fi ẹ́líbò tuntun bọ àárín. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń yọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ní ìlà kan láàárín inú tí kì í jẹ́ kí páìpù kọjá. Ẹ fi fáìlì rẹ́ ìlà yẹn dànù. Ẹ gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, ẹ ti sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wọ páìpù àtijọ́ tán pátápátá, ẹ gbé ẹ́líbò tuntun àti ọmọ páìpù rẹ̀ sí àyè, kí ẹ sì fa sọ́kẹ́ẹ̀tì padà kó gun orí méjèèjì. Ẹ gbẹ ẹ́, ẹ fi sáńpépà fá a, ẹ fi gọ́ọ̀mù sí i, ẹ yí i díẹ̀ bí ẹ ṣe ń tì í, kí ẹ sì dì í mú fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ohun tí wọ́n ṣe sí ẹ́líbò ilé ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, iṣẹ́ ti parí. Wọ́n ní kí ìyá òkè má wẹ̀ níbẹ̀ títí di alẹ́. Kò sẹ́ni tó fọ́ táìsì kankan.

*Ìgbánú rọ́bà.* Irú kan wà tí wọ́n ń tà, tó jẹ́ ọ̀já rọ́bà tó nípọn, tó ní kílíìpù irin méjì. Ẹ máa gbé e sórí ibi tí ẹ gé, ẹ ó sì fún kílíìpù náà. Kò nílò gọ́ọ̀mù, ó sì ń gba páìpù láyè láti gùn kó sì súnkì nínú oòrùn. Òun náà ló tún dáa láti so PVC mọ́ páìpù irin àtijọ́, torí gọ́ọ̀mù PVC kò lè yọ́ irin. Tí kò bá sí, ẹ lọ bá fọkanáísà, ẹ gba túùbù táyà tó ti bàjẹ́. Ẹ gé e ní ọ̀já gígùn, ẹ fà á le dáadáa bí ẹ ṣe ń wé e, kí ẹ sì fi kílíìpù dè é. Rọ́bà tí a fà fẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ìfẹ́ láti padà yẹn ló ń fún páìpù mọ́ra. Ẹ̀tọ́ kékeré nìyẹn títí púlọ́ńbà yóò fi dé. Ẹ má sọ ọ́ di ti ọdún mẹ́wàá.

*Páìpù tó là lójú kan.* Epoxy ló máa bá a ṣe é. Ọ̀nà méjì ló pín sí, resin àti hardener. Tí a bá pò wọ́n, àwọn mọ́líkù wọn á di ara wọn mú bí àwọ̀n, ìdí nìyẹn tó fi máa ń gbóná díẹ̀ lọ́wọ́ yín. Tó bá ti le, kò tún lè yọ́ padà mọ́. Ẹ fi sáńpépà fá ojú páìpù títí kò fi ní dán mọ́, kí epoxy lè rí nǹkan dì mú. Ẹ fi epoxy dí ibi tó là, ẹ wé aṣọ fiberglass lé e lórí, kí ẹ tún fi epoxy kùn ún. Epoxy nìkan le ṣùgbọ́n ó gan. Òwú fiberglass ló ń jẹ́ kó má là, bí irin rọ́ọ̀dù ṣe ń ran símẹ́ńtì lọ́wọ́.

Ibi tí ọwọ́ kò lè tó

Páìpù tó wà nínú ògiri tàbí lábẹ́ ilẹ̀ ńkọ́? Ní ọdún 1971, ní Hackney, ìlà-oòrùn London, àdúgbò tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé lónìí, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Eric Wood dán ohun kan wò. Páìpù ìdọ̀tí àtijọ́ kan ń jò lábẹ́ ilẹ̀. Dípò kó gbẹ́ ilẹ̀, ó mú àpò aṣọ gígùn kan tí a ti rẹ sínú resin, ó sì fà á wọnú páìpù náà. Resin le, páìpù tuntun sì wà nínú páìpù àtijọ́. Ó pe ọgbọ́n náà ní Insituform, ìyẹn ni pé ojú ibi tó wà ló ti gbà di páìpù. Òun ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe káàkiri àgbáyé lónìí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ inú páìpù mọ́ tónítóní. Wọ́n á wá fi afẹ́fẹ́ tàbí omi ti àpò náà wọlé láti ẹnu kan. Bó ṣe ń wọlé ló ń yí inú síta, bí ìgbà tí ẹ bá yí ìbọ̀sẹ̀, kí ojú tó ní resin lè lẹ̀ mọ́ ara páìpù. Omi gbígbóná, ọ̀yì omi tàbí iná ultraviolet ló máa jẹ́ kó le. Tí àpò náà bá nípọn ní mìlímítà 3, páìpù tó fẹ̀ ní mìlímítà 100 á di 94. Ó dín díẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dán, kò sì ní oríkèé tó lè jò. Tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló là, wọ́n lè wé fiberglass oníresin mọ́ ara bàlúù rọ́bà kan, wọ́n á tì í dé ojú ibẹ̀, wọ́n á fẹ́ ẹ. Tí resin bá ti le, wọ́n á tú afẹ́fẹ́ bàlúù náà, wọ́n á sì fà á jáde.

Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò lè gbé páìpù tó ti rún dìde. Gbogbo ibi tí páìpù mìíràn ti wọnú rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gé padà. Resin kan tún wà tó ní styrene, tí òórùn rẹ̀ lè gba inú trap tó gbẹ wọ yàrá èèyàn. Ní 2017, àwọn olùwádìí Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà fi hàn pé èéfín funfun tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀yì omi ṣe iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀yì omi lásán, kẹ́míkà wà nínú rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe é nínú ilé tí èèyàn ń gbé, ẹ da omi sínú gbogbo trap, ẹ ṣí fèrèsé, kí àwọn ọmọdé má sì sí nítòsí.

Ẹ̀rọ iṣẹ́ yìí wọ́n, kì í ṣe ohun tí lánlọ́ọ̀dù ilé "face-me-I-face-you" máa rà. Àmọ́ èrò tó wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mú: ẹ fi òkú páìpù sílẹ̀ níbi tó wà. Ní Bàrígà, bí a ṣe lè lo èrò yẹn ni pé ká dí páìpù tó wà nínú ògiri pa lókè àti nísàlẹ̀, ká sì to tuntun sí ara ògiri níta. Ihò kan tó fẹ̀ ju páìpù lọ díẹ̀ ni a máa lu láti balùwẹ̀ bọ́ síta, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rí i pé gbogbo mítà 1 tó ń lọ ní ìbú fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 tẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ fi kílíìpù gbé e, kí kílíìpù náà má fún un pa, kó lè gùn nínú oòrùn. Ẹ fi ọ̀dà funfun kùn ún kí ìmọ́lẹ̀ má bà á jẹ́. Kò rẹwà tó èyí tó wà nínú ògiri, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá tún jò, gbogbo ayé ló máa rí ojú ibẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ẹ sọ fún gbogbo ará ilé ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá ṣan tọ́ílẹ̀ẹ̀tì lókè nígbà tí púlọ́ńbà wà lábẹ́ lè ba iṣẹ́ àti ọjọ́ náà jẹ́. Àárọ̀, nígbà tí àwọn èèyàn ti lọ síbi iṣẹ́, ló dáa jù.
- Tí ẹnikẹ́ni bá ti da kọ́síìkì sódà sínú páìpù, ẹ sọ fún púlọ́ńbà. Ó lè jó o lójú.
- Gọ́ọ̀mù PVC ń gbaná. Kí sítóòfù tàbí àbẹ́là má sí nítòsí.
- Tí ẹ bá ń fọ ibẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ má po bílíìṣì mọ́ oògùn ìfọtọ́ílẹ̀ẹ̀tì tó ní ásíìdì. Gáàsì kílórínì tó máa jáde lè pààyàn.
- Nínú ilé àtijọ́, páìpù eléérú tó dà bíi símẹ́ńtì lè jẹ́ asbestos. Ẹ má fi ayùn gé e, eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ to tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
- Tí irin dẹ́kíǹ bá ti yọjú, tàbí tí dẹ́kíǹ bá ti tẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ púlọ́ńbà. Ẹ pe ẹ̀ńjíníà ilé.

Ta ló máa sanwó? Òfin Ilé Gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, 2011, sọ pé lánlọ́ọ̀dù ló ni àtúnṣe ìta ilé àti àwọn ibi àjùmọ̀lò. Iṣẹ́ ayálégbé ni láti tètè sọ fún un tí nǹkan ńlá bá bàjẹ́. Òfin náà yọ Apápá, Ikeja GRA, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, ṣùgbọ́n Ṣómólú àti Bàrígà wà lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Páìpù balùwẹ̀ òkè ń jò, a ti rí ojú ibi tó ti ń jò, kò gba fífọ́." Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló sábà máa ń jẹ́ kí lánlọ́ọ̀dù gbé fóònù.

Búlúù kò wọ́n. Ẹ dán an wò kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òòlù wọlé.